Ìtọ́jú Ajá tí Ó Ti Darúgbó

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí ni àwọn òbí fi máa ń rán ọmọ wọn létí pé ọjọ́ ogbó ń bọ̀, àti pé ẹni tí wọ́n tọ́ ni yóò tọ́jú wọn. Kò sí ẹni tí í jiyàn rẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ ti ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá mìíràn wà nínú ilé tí òun náà ń darúgbó, tí kò ní ọmọ tí yóò fún un lọ́mú, tí kò sì lè pa òwe kankan. Ajá ni ẹ̀dá náà. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣọ́ ilé, ó lé olè, ó bá ọdẹ rin igbó, ó sì bá àwọn ọmọdé ṣeré títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ogbó dé sí i, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sí ibi tí ó sùn sí láìmọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni ó yí ojú padà sí i láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Ìjíròrò tí ó máa ń tẹ̀lé e kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó wá sí ilé ní Ìbàdàn fún ọdún. Ó gbóòórùn ìtọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo imú.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ṣì ń fi ajá yìí ṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbé e lọ. N óò ra ọmọ ajá òyìnbó fún yín.”

Ìyá gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí òun ni ó ń nu ilẹ̀ láràárọ̀. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó fọhùn.

“Ajá yìí ni ó gbó ní òru ọjọ́ tí àwọn olè fẹ́ já ilẹ̀kùn ilé yìí. Ìwọ wà ní kíláàsì kẹta nígbà náà.”

“Òótọ́ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n ìyẹn ti pẹ́.”

Ohun tí “kí wọ́n wá gbé e lọ” túmọ̀ sí kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn tí ń ra ajá fún ọbẹ̀ wà, wọ́n sì máa ń san owó díẹ̀ lórí èyí tí kò tilẹ̀ sanra. Àwọn mìíràn kò fẹ́ owó: wọ́n á gbé ajá sínú ọkọ̀, wọ́n á wà á lọ sí ibi tí kò mọ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá títì, kí ó máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi pin. Ọ̀nà kẹta ni ó burú jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó dà bí àánú. Wọn kì í lé ajá lọ nínú rẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ igi ní ẹ̀yìnkùlé, lórí ilẹ̀ tí ó ti rin gbingbin fún ìtọ̀ ara rẹ̀, wọ́n á sì máa ju àjẹkù ẹ̀bà sí i nígbà tí wọ́n bá rántí. Olówó rẹ̀ á sì máa wí fún àlejò pé ọkàn òun kò gbà á láti ta ajá òun.

Òfin kò gbójú fo irú ìwà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ó wà fún apá gúúsù Nàìjíríà, abala 495 sọ pé ẹni tí ó bá lu ẹranko ní ìlù ìkà, tàbí tí ó ṣe ohun kan, tàbí tí ó kọ̀ láti ṣe ohun tí ó yẹ, tí ó sì fi bẹ́ẹ̀ kó ìyà tí kò tọ́ bá ẹranko náà, ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Owó ìtanràn tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ náírà 50, iye tí kò lè ra búrẹ́dì kan lónìí. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ gbàgbé láti padà wá wò ó. Ṣùgbọ́n òfin wà, ìtìjú sì wà ju òfin lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà òyìnbó ayé òde òní ni kí ènìyàn máa nu ìdí ajá, pé àwọn ará àtijọ́ kò jẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀rí tí ó wà nínú ilẹ̀ takò wọ́n. Ní ọdún 1914, àwọn tí ń fọ́ òkúta ní Oberkassel, lẹ́bàá ìlú Bonn ní ilẹ̀ Jámánì, hú egungun ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ajá kan jáde láti inú ibi ìsìnkú kan náà. Ìsìnkú náà ti tó nǹkan bí ọdún 14,000. Àwọn onímọ̀ yẹ eyín ajá náà wò, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2018. Ọmọ ajá tí kò tíì ju nǹkan bí oṣù méje lọ ni, àrùn líle kan sì ti bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó kú. Àrùn náà a máa mú ajá bì, a máa mú un yàgbẹ́ gbuuru, a sì máa gba gbogbo agbára ara rẹ̀. Ajá tí ó wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ kò lè lé ẹran, kò sì lè ṣọ́ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ náà ni pé kì bá tí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé bí kò bá sí ẹni tí ń bu omi fún un, tí ń mú un móoru, tí ń nu ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò ní ilé alájà, wọn kò ní ọṣẹ, wọn kò sì gbìn oko kankan. Síbẹ̀ wọ́n rí àyè tọ́jú ajá tí kò wúlò fún wọn lọ́jọ́ náà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ọ̀ràn ajá rẹ̀ ṣeré. Ó so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì fún un ní orúkọ tí ó ní ìtumọ̀. Orúkọ ajá a máa jẹ́ ọ̀rọ̀ tí baálé ilé fẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ gbọ́, débi pé bí ó bá ń pe ajá rẹ̀ wá jẹun, ọ̀tá rẹ̀ ni ó ń bá wí. Lóde òní, Bíńgò ni ajá tí ó pọ̀ jù ń jẹ́, àwọn aládùúgbò sì ti rí ìsinmi.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka gbogbo àwọn tí ajá arúgbó ti sú sí ìkà. Nínú ilé tí ayálégbé mẹ́jọ ti ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, ìtọ̀ ajá ẹnì kan á di ìjà gbogbo wọn. Mùsùlùmí tí ń gbé ibẹ̀ ní láti pa ara àti ibi ìrun rẹ̀ mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni pé kí itọ́ ajá tàbí ìtọ̀ rẹ̀ má kan aṣọ òun. Ní ilé mìíràn, owó oúnjẹ àwọn ọmọ kò tó, kí ó tó wá kan ti owó dókítà ẹranko. Ọ̀rọ̀ ìyá tí ó ń nu ilẹ̀ láràárọ̀ ni ó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ẹni tí ń sọ pé àánú ajá ń ṣe òun kì í sábà jẹ́ ẹni tí ń gbá omi ìtọ̀. Bí bàbá bá fẹ́ràn ajá rẹ̀ tó bí ó ti ń wí, ó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ mọ ibi tí àkísà àti garawa wà. Bí ọmọ tí ó wà ní Èkó bá lè ra ọmọ ajá òyìnbó, ó lè fi owó kan náà san owó àyẹ̀wò fún ajá tí ó ti wà nílé.

Àyẹ̀wò yìí gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò kọjá. Wọ́n gbà pé ogbó ni, pé kò sí oògùn ogbó. Ajá ńlá a máa bẹ̀rẹ̀ sí í darúgbó láti bí ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Kékeré a máa kọjá ọdún mẹ́wàá kí ó tó hàn lára rẹ̀. Èyí tí ó bá lo ọdún 15 ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ṣùgbọ́n ogbó lásán kọ́ ni ó ń tú ìtọ̀ ajá dànù. Ohun kan nínú ara rẹ̀ ni ó bàjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun wọ̀nyí ni oògùn sì ń kápá. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ajá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìbínú yóò ti rí ìdajì ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀.

Abo ajá kan wà tí ń tọ̀ dáadáa níta gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá sùn tí ó sì dìde, ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí á tutù. Kò mọ̀ pé nǹkan kan dà lára òun. Èyí wọ́pọ̀ lára abo tí wọ́n ti yọ ibi ẹyin rẹ̀ kí ó má baà bímọ mọ́, pàápàá jù lọ bí ó bá jẹ́ ajá ńlá. Ibi ẹyin yẹn ni ó ń tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ran iṣan ẹnu àpò ìtọ̀ lọ́wọ́ láti dì mọ́ra. Nígbà tí kò sí mọ́, iṣan náà lè dẹ̀. Dókítà ẹranko ní oògùn tí ń mú un le padà, ọ̀pọ̀ ajá sì ni ara wọn ti gbẹ nípasẹ̀ rẹ̀. Oògùn náà lè mú ẹ̀jẹ̀ ru, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń rà lọ́jà tí ó sì ń dá díwọ̀n fún ajá. Ó bani nínú jẹ́ láti rò ó pé iye abo ajá tí wọ́n ti gbé lọ fún àwọn alásè nítorí àìsàn tí hóró oògùn ń wò kò ṣeé kà.

Òmíràn á máa tọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà púpọ̀, á máa fún ara rẹ̀ le, ẹ̀jẹ̀ á sì máa hàn nínú ìtọ̀ náà. Kòkòrò àrùn ti wọ àpò ìtọ̀ rẹ̀ nìyẹn, tàbí òkúta wẹ́wẹ́ ti dì síbẹ̀. Lára akọ tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá, ẹ̀yà ara kan tí ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká a máa wú bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Akọ ajá tí ó bá gbé ẹsẹ̀ sókè, tí ó ń fún ara rẹ̀, tí ẹ̀kán kan kò sì jáde, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì kí ó tó rí dókítà, nítorí ọ̀nà ìtọ̀ tí ó dí lè pa á.

Òmíràn ẹ̀wẹ̀, omi ni ó ń mu ní àmujù. Bí ajá tí ó wọn kìlógíráàmù mẹ́wàá bá ń mu ju líta kan lọ lójúmọ́, kì í ṣe òùngbẹ lásán ni ó ń gbẹ ẹ́. Àtọ̀gbẹ lè ti mú un, nítorí àtọ̀gbẹ ń ṣe ajá bí ó ti ń ṣe ènìyàn. Ó sì lè jẹ́ pé kíndìnrín rẹ̀ kò lè dá omi padà sínú ara mọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣe àṣìṣe tí ó burú jù lọ. Wọ́n á gbé abọ́ omi pamọ́, wọ́n á ní bí kò bá rí omi mu, kò ní rí ìtọ̀ tọ̀. Ajá tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ kò lè dá ìtọ̀ náà dúró, bí ó mu omi, bí kò mu ún; bí wọ́n bá fi omi dù ú, omi ara rẹ̀ ni yóò tọ̀ tán, yóò sì kú.

Ó tún kù. Ajá kan wà tí ó mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, tí ó sì fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n tí làkúrègbé ti mú oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́, tí kò lè dìde kánkán. Kí ó tó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, ó ti dà. Irú èyí kò nílò oògùn ìtọ̀ rárá. Ohun tí ó nílò ni kí ibùsùn rẹ̀ súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ilẹ̀ má yọ̀ ọ́, kí ẹnì kan sì fi aṣọ gbé ikùn rẹ̀ sókè bí ó bá fẹ́ dìde. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé nítorí ìrora rẹ̀, ẹnì kan nínú ilé fún un ní ibuprofen tí ó ṣẹ́kù nínú àpótí. Oògùn yẹn ń dá ọgbẹ́ sí ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ajá mìíràn sì wà tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń gbàgbé bí ti àgbàlagbà ènìyàn. Á máa rìn kiri lóru, á dúró sí igun ilé tí á máa wo ògiri, á sì lọ dúró sí apá ibi tí ìdè ilẹ̀kùn wà dípò apá tí ó ń ṣí. Kò gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítorí oríkunkun. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà wà nínú ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń run.

Ẹni tí ó bá mọ nǹkan wọ̀nyí kò ní na ajá nítorí ìtọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ a máa di ajá lórí mú, wọ́n á fi imú rẹ̀ gbo inú ìtọ̀ náà, wọ́n á ní ó mọ ohun tí òun ṣe, pé ṣebí ó ń dorí kodò, ó sì ń fi ìrù sáàárín ẹsẹ̀. Obìnrin onímọ̀ kan ní New York, Alexandra Horowitz, dán ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2009. Ó rí i pé ojú ẹ̀bi yẹn máa ń hàn lára ajá nígbà tí olówó rẹ̀ bá ń bá a wí, yálà ó ṣẹ̀ tàbí kò ṣẹ̀. Ojú olówó rẹ̀ tí ó le ni ajá ń wò tí ó fi ń dorí kodò. Nítorí náà, ajá arúgbó tí wọ́n bá nà ní òwúrọ̀ nítorí ohun tí ó dà lára rẹ̀ ní òru kò lè rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ níbẹ̀, àfi pé ọwọ́ tí ó máa ń fún un lóúnjẹ ti di ohun ẹ̀rù.

Ìtọ́jú rẹ̀ gba sùúrù, ṣùgbọ́n kò gba ọrọ̀. Ibi tí kò ti ní di ìyọnu fún ayálégbé tàbí fún ẹni tí ń kírun ni kí wọ́n ṣe ibùsùn rẹ̀ sí, lábẹ́ òrùlé, níbi tí òjò kò ti lè bá a. Pákó tí wọ́n gbé sórí búlọ́ọ̀kù kúkúrú dára ju ilẹ̀ lásán lọ. Wọ́n á tẹ́ àpò ìrẹsì tàbí rọ́bà sórí rẹ̀ kí ìtọ̀ má wọ inú pákó, wọ́n á sì tẹ́ àkísà mímọ́ tí ó nípọn lé e, nítorí ara ajá arúgbó kò ní ẹran púpọ̀ mọ́, eegun rẹ̀ a sì máa bó níbi tí ilẹ̀ bá le. Àkísà méjì tàbí mẹ́ta tó: bí ọ̀kan bá wà lábẹ́ ajá, èkejì á wà lórí okùn nínú oòrùn. Wọ́n á mú un jáde bí ilẹ̀ bá ti mọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí ó bá jí lójú oorun ọ̀sán, àti kí ilé tó sùn. Ajá tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ ṣófo kò ní púpọ̀ tí yóò dà. Ìlédìí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n dá ihò ìrù sí wúlò nígbà mìíràn, bí àlejò bá wà tàbí bí wọ́n bá ń gbé e nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lára rẹ̀, yóò bó o lára ju ìtọ̀ lọ.

Awọ ara rẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣọ́ jù. Ìtọ̀ tí ó bá gbẹ mọ́ ara ajá a máa jẹ awọ náà, á pọ́n, á bó, á sì di egbò. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le ni kí wọ́n fi wẹ ìdí àti itan rẹ̀, kí wọ́n ṣan ọṣẹ náà kúrò, kí wọ́n sì nù ún gbẹ pátápátá, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi òrí díẹ̀ pa á. Irun tí ó bá gùn níbẹ̀, kí wọ́n gé e. Níbi tí egbò bá wà tí ìtọ̀ sì ń rùn, eṣinṣin kò ní pẹ́ dé, ìdin ni yóò sì fi sílẹ̀.

Ewu kan tún wà tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà ní pàtàkì. Eṣinṣin pupa rúsúrúsú kan wà tí kì í yé ẹyin sí ara ajá bí kò ṣe sí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ibi òjìji tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti kàn. Ẹyin náà á pa, ìdin wẹ́wẹ́ á máa dúró nínú iyẹ̀pẹ̀ títí ajá yóò fi wá sùn lé e lórí. Nígbà náà ni wọn á gbẹ́ ihò wọ inú awọ rẹ̀, tí ara rẹ̀ á fi máa so bí oówo, oówo kọ̀ọ̀kan á sì ní ojú kékeré tí ìdin fi ń mí. Eṣinṣin yìí kan náà ni ó ń yé ẹyin sí aṣọ tútù tí wọ́n sá, èyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ gbogbo aṣọ ọmọ ọwọ́ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ fún un. Ajá tí ó ń ṣáà tọ̀ sí orí iyẹ̀pẹ̀ ibi tí wọ́n so ó mọ́ ń sùn lórí ìtẹ́ eṣinṣin náà, àwọn ọmọdé tí ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣeré níbẹ̀ sì wà nínú ewu kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó so ajá arúgbó mọ́ ẹ̀yìnkùlé kí ilé lè mọ́ kò mú ìdọ̀tí kúrò. Ibi tí kò ní máa rí i ni ó gbé e lọ.

Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àwọn àrùn kan wà, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní leptospirosis, tí ń ti inú ìtọ̀ ẹranko wọ ara ènìyàn láti ojú egbò. Kò sì yẹ kí wọ́n gbàgbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi nítorí pé ajá ti dàgbà. Bí ajá tí ó máa ń tutù tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé yí ìwà padà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, ọ̀ràn ìtọ̀ kọ́ nìyẹn mọ́. Kí ọmọdé kankan má ṣe súnmọ́ ọn títí dókítà yóò fi dé.

Ilé ìwòsàn àwọn ẹranko wà ní yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn dókítà ẹranko tirẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kò le. Abọ́ mímọ́ ni wọn á fi gba ìtọ̀ àárọ̀ lábẹ́ ajá, wọn á dà á sínú ìgò mímọ́, wọn á sì tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn kan máa ń tijú láti gbé ìtọ̀ ajá wọ ọkọ̀ èrò. Ìgò oògùn kékeré nínú àpò kò ní orúkọ ajá lára.

Ọjọ́ kan sì wà tí gbogbo èyí kò ní ṣe iṣẹ́ mọ́. Ajá kò ní jẹun, kò ní lè dìde, ìrora kò ní jẹ́ kó sùn, ojú rẹ̀ kò sì ní tàn mọ́ nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, kí dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú un sùn láìjí kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí kí wọ́n fi lé ẹni tí yóò fi kùmọ̀ lù ú lórí. Ohun tí kò tọ́ ni kí onílé pe ìtọ̀ lásán ní ọjọ́ náà nítorí pé ilẹ̀ nínù ti sú u. Ajá tí ó ṣì ń ju ìrù nígbà tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, tí ó ń jẹun, tí ó sì ń jáde lọ jókòó nínú oòrùn àárọ̀, kò tíì parí ayé rẹ̀. Aṣọ ibùsùn rẹ̀ nìkan ni ó tutù.

Nínú ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò ni wọ́n pàpà ṣe. Ọmọ tí ó wà ní Èkó fi owó náà ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ó ti ráhùn tó. Kòkòrò àrùn ni dókítà bá nínú àpò ìtọ̀ ajá náà, làkúrègbé sì wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn. Oògùn wo ti àkọ́kọ́ sàn; ti èkejì, ó dín in kù. Àwọn òru kan ṣì wà tí ibùsùn rẹ̀ máa ń tutù, bàbá ni ó sì ń nù ún báyìí, ní aago mẹ́fà, kí ó tó gbọ́ ìròyìn. Ìyá kò sọ̀rọ̀ ajá tíkò tíkò mọ́. Nígbà tí ó ń ṣa àpótí aṣọ rẹ̀ ní ọjọ́ kan, ó rí ìró kan tí ó ti gbó, ó nà án wò lójú oòrùn, ó sì lọ tẹ́ ẹ sórí pákó ní ẹ̀yìnkùlé.